Kíréètì Oníke Dára, Ṣùgbọ́n Ta Ni Yóò Gbé E Bọ̀ Wálé?

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Osi, mo ka kíréètì oníke mẹ́tàdínlógún láti ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ran títí dé ibi tí àwọn aláta ń pàtẹ sí. Nínú mẹ́tàdínlógún yìí, ẹyọ kan péré ni tòmátò wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó lórí mẹ́jọ. Wọ́n fi mẹ́rin ṣe ẹsẹ̀ fún pákó tí wọ́n pàtẹ ẹja gbígbẹ lé. Adìyẹ wà nínú méjì, irinṣẹ́ fọganáísà wà nínú ọ̀kan, èyí tí ó kù sì ti fọ́ létí, wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Mo bi ìyá kan tí ó fi ọ̀kan ṣe àga léèrè ibi tí ó ti rí i. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ gba àga mi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ra ata lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ kíréètì yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Wọn kò ṣe é láti fi ṣe àga. Àwọn onímọ̀ jókòó, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ná owó gọbọi lórí irin tí wọ́n fi ń dà á, nítorí kí tòmátò àti ata má baà máa bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Báwo ni ó ṣe wá di àga?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò máa wí pé, "Ìwé, eré orí ìtàgé, àwo orin, ìwọ̀nyí ni a máa ń ṣe lámèyítọ́ wọn. Kí ni ti kíréètì?" Ẹ fara balẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá fi ọgbọ́n ṣe, ọgbọ́n ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ẹ̀tọ́ láti yẹ iṣẹ́ ọwọ́ wò fínnífínní, àwa ará ìhà Osi àti Iloffa yìí ni. Osi ni Areogun gbé gbẹ́gi, ẹni tí àwọn òyìnbó ń pè ní Areogun ará Osi-Ilorin nínú ìwé wọn. Odo-Owa ní Oke-Ero ni Moshood Bámigbóyè gbé gbẹ́ tirẹ̀, ẹni tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún aráyé wò ní ọdún 2022. Ẹni tí ó bá ti rí orí Ẹ̀pà tí àwọn bàbá wọ̀nyí gbẹ́ yóò mọ ibi tí mo ń lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, inú ibẹ̀ ni orí ẹni tí yóò gbé e máa ń wọ̀. Lókè ìkòkò náà ni ẹlẹ́ṣin wà, tàbí ìyá ọlọ́mọ, pẹ̀lú àwọn èrò kéékèèké tí wọ́n yí i ká. Odidi igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, kò sí ìṣó, kò sí oríkèé. Ó wúwo, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gbé e sì ní láti jó. Bí agbẹ́gilére kò bá mọ ibi tí ìwúwo yóò gbà sọ̀ kalẹ̀, ọrùn ẹlòmíràn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ni mo fẹ́ bi kíréètì: níbo ni ìwúwo ń gbà?

Kí n kọ́kọ́ sọ ti agbọ̀n ná, nítorí ipò agbọ̀n ni kíréètì fẹ́ gbà. N kò ní bú agbọ̀n. Ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò wọ́n, ọmọ ìlú ẹni ni ó hun ún, owó rẹ̀ kò sì jáde kúrò nílé. Bí ó bá já, a tún un hun. Bí kò bá ṣeé tún hun mọ́, a fi dáná. Ṣùgbọ́n agbọ̀n kò lè ru ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ rọ̀, ìhà rẹ̀ rọ̀. Bí a bá gbé agbọ̀n kejì lé e lórí, kì í ṣe agbọ̀n ìsàlẹ̀ ni ó ru ú, tòmátò inú rẹ̀ ni.

Mo rí èyí pẹ̀lú ojú mi nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìlọrin nítorí òwò rẹ̀, kó agbọ̀n tòmátò mẹ́fà sínú ọkọ̀ lọ sí ọjà Ìpàta. Èmi ni mo bá a lọ ní àkókò ìsinmi, kí n lè máa bá a ṣọ́ ẹrù. Kí a tó jáde kúrò ní Òmù-Àrán, awakọ̀ dúró, ó tún gba ẹrù ẹlẹ́ṣu kan, wọ́n sì ju àpò iṣu lé àwọn agbọ̀n wa lórí. Màmá Ìlọrin pariwo. Awakọ̀ ní, "Ìyá, ọkọ̀ kò ní àjà méjì o." Ọ̀nà kò dára nígbà náà. Nígbà tí a fi dé Ìlọrin, omi pupa ti ń kán láti abẹ́ ọkọ̀ sórí táyà. Agbọ̀n méjì nínú mẹ́fà ni ó ṣeé tà. Ó sanwó ọkọ̀ agbọ̀n mẹ́fà pé pérépéré. Owó èsúsú ni ó fi ra ọjà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èsúsú kàn lóṣù yẹn, ó sì ku oṣù mẹ́jọ tí yóò fi máa dá a padà fún àwọn tí ó kù. Kò sọkún. Ó ká ìborùn rẹ̀, ó fi nu ọwọ́, ó ní kí n lọ wá omi tí a ó fi fọ ilẹ̀ ọkọ̀ fún awakọ̀, nítorí ó ti ń bú wa pé a ba ọkọ̀ òun jẹ́.

Ìrìn kékeré sì ni ti Osi sí Ìlọrin. Ẹ wá ro ti tòmátò tí ó ń ti Kano àti Kaduna bọ̀ ní ọjà Mile 12 ní Èkó, bí ẹgbẹ̀rún kan kìlómítà láti Kano, nínú oòrùn, agbọ̀n lórí agbọ̀n, nígbà mìíràn tí ènìyàn tún jókòó sórí gbogbo rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ máa ń kọ ni pé bí ìdá méjì nínú márùn-ún tòmátò tí a ń gbìn ní Nàìjíríà ni ó ń ṣòfò kí ó tó dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Èyí ni ó mú kí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìpamọ́ irè oko, NSPRI, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin wa níbí, ṣe kíréètì oníke oníhò tí a lè tò léra. Àjọ GAIN náà bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ lórí òfò irè oko ní Nàìjíríà ní ọdún 2016, kíréètì tí ń lọ tí ń bọ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń polongo. Mo kí wọn, wọ́n kú iṣẹ́. Ibi tí ó dùn wọ́n ni wọ́n fọwọ́ bà.

Ó sì yẹ kí a yin kíréètì níbi tí ìyìn ti tọ́ sí i. Ẹ gbé ọ̀kan kalẹ̀, kí ẹ gbé èkejì lé e. Ẹ ó rí i pé ìdí ti òkè wọ inú etí ti ìsàlẹ̀, kò yẹ̀. Ìwúwo á gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lára ògiri rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, yóò sì lọ tààrà sí ilẹ̀ ọkọ̀. Tòmátò inú rẹ̀ kò ru ohunkóhun bí kò ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú kíréètì kan náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọn kò fi jẹ́ kí ó jìn. Kìlò bí 20 sí 25 ni ó máa ń gbà, nígbà tí agbọ̀n ńlá máa ń gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Ọgbọ́n orí Ẹ̀pà ni èyí gan-an: ìwúwo mọ ọ̀nà ilé, kò sì gba àárín ọjà kọjá. Òun náà kò ní ìṣó, kò ní oríkèé. Ike líle tí wọ́n ń pè ní HDPE, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì, ni wọ́n máa ń yọ́, tí wọ́n á sì fi agbára ẹ̀rọ tẹ̀ sínú irin tí wọ́n ti gbẹ́ ìrísí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹni tí ó ṣe é bá fẹ́ jèrè jù, tí kò po oògùn tí ó ń dènà oòrùn mọ́ ọn, láìpẹ́ á ṣá, á máa ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Èyí tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ní Osi, bóyá ohun tí ó pa á nìyẹn.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni irú ọgbọ́n yìí wà fún. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kaduna àti Volkswagen ní Ojo ní Èkó, ní ọdún 1975, ẹ̀yà ọkọ̀ ni wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, àwọn ọmọ wa ní ń tò ó pọ̀. Ìgbà kan wà tí ọkọ̀ òfurufú akẹ́rù ń gbé ti Peugeot láti Lyon ní ilẹ̀ Faransé wá sí òkè ọya. Ẹ̀yà ọkọ̀ kì í rà bí tòmátò, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbin tirẹ̀: bí irin bá ń gbá irin lójú ọ̀nà, á ha á lára, bí ẹyọ kan bá sì sọnù, odidi ọkọ̀ ni yóò dúró dè é. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe tíréè ẹ̀yà ọkọ̀ fi máa ń ṣe ojú fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó wọlé síbẹ̀, kí ó má mì. Ẹni tí ó bá mọ ọpọ́n ayò ti mọ tíréè yìí. Ojú méjìlá, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ méjìdínláàádọ́ta. Kò sí ọ̀tayò tí yóò ka ọmọ ayò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó mọ̀ pé ojú kan ti ṣófo. Ìwò kan ni. Tíréè tí ó dára, ojú ni a fi ń kà á.

Títí dé ibí yìí, n kò rí ẹjọ́ wí. Ìgbà tí kíréètì bá ṣófo ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀.

Kíréètì tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán ń gba àyè kan náà, yálà ó kún ni o, tàbí ó ṣófo. Ọkọ̀ tí ó bá kó igba kíréètì lọ sí Èkó, bí ó bá fẹ́ kó igba náà bọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó kó bọ̀. Ta ni yóò ra epo fún afẹ́fẹ́? Awakọ̀ tí ó lè ri ẹrù ìrẹsì tàbí sìmẹ́ńtì gbé bọ̀ kò ní dá wa lóhùn. Agbọ̀n kò ní ìṣòro yìí, nítorí agbọ̀n a máa wọ inú agbọ̀n, bí kò bá sì padà wá, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n kíréètì ti dúró ní àjò.

Àwọn tí ń ṣe é mọ̀ ọ́n o. Irú kan wà tí a ń yí. Bí o bá gbé e bákan, yóò dúró lórí ẹnìkejì rẹ̀. Bí o bá yí i kí iwájú rẹ̀ di ẹ̀yìn, yóò wọ inú ẹnìkejì rẹ̀ bí abọ́ ṣe ń wọ inú abọ́. Irú kan tún wà tí ògiri rẹ̀ ń ká, èyí tí n kò fọkàn tán rárá, nítorí ohunkóhun tí ó bá ní ìdè tí ń ṣí tí ń tì, alágbàrù wa yóò já a láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí a ń yí ni mo fara mọ́. Òótọ́ ni pé ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, èyí sì ń jẹ nínú àyè tí ọjà ìbá wà. Ṣùgbọ́n kí ni ó tuntun nínú rẹ̀? Ẹ lọ wo ẹlẹ́yin. Kíréètì ẹyin ọgbọ̀n tí wọ́n fi bébà ṣe, bí ó bá ṣófo, a tò ó bákan náà, á wọ inú ara wọn, ogún rẹ̀ kò ga ju igbọ̀nwọ́ ènìyàn lọ. Bí ó bá kún, ẹlẹ́yin á yí ọ̀kan síhìn-ín, á yí èkejì sọ́hùn-ún, wọ́n á sì ru ara wọn láìfọ́ ẹyin. Ọmọdé tí ń ta ẹyin ní ibùdókọ̀ Osi mọ ẹ̀kọ́ yìí. Kí ló wá dé tí púpọ̀ nínú kíréètì tí wọ́n kó wá fún àwa àgbẹ̀ fi jẹ́ onígun ṣánṣán?

Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Pálẹ́ẹ̀tì ni. Ní òkè òkun, ara pálẹ́ẹ̀tì ni ìwọ̀n kíréètì ti jáde wá. Àtẹ́lẹ̀ pákó tàbí ti ike ni pálẹ́ẹ̀tì, èyí tí fọ́kílíìtì ń ti ìka irin bọ abẹ́ rẹ̀ tí yóò fi gbé ẹrù. Ní ọdún 1961 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Yúróòpù fẹnu kò sí ìwọ̀n kan, 1200 sí 800 mìlímítà. Kíréètì tí ó bá jẹ́ 600 sí 400, mẹ́rin á bò ó gẹ́rẹ́, kò ní ṣẹ́kù, kò ní lé. Iṣẹ́ ọlọ́pọlọ gidi ni. Ti ike tilẹ̀ tún ní ohun tí ó fi ju ti pákó lọ. Láti ọdún 2002 ni òfin àgbáyé kan ti wà, ISPM 15, tí ó ní pákó tí wọ́n fi di ẹrù kọjá ibodè gbọ́dọ̀ gbóná dé inú, ìwọ̀n 56 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí kí wọ́n fi oògùn fín in, kí kòkòrò má baà bá ẹrù wọ ìlú onílùú. Kòkòrò kì í gbé inú ike, òfin náà kò sì kàn án.

Ṣùgbọ́n láàárín oko àti títì ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, orí obìnrin ni pálẹ́ẹ̀tì. Orí obìnrin, àti ẹ̀yìn ọ̀kadà. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gbé kíréètì tí ó kún rìn láti oko wa dé ẹ̀gbẹ́ títì, èmi tẹ̀lé e lẹ́yìn. Igba ẹsẹ̀ kò pé tí ó fi sọ̀ ọ́. Ìdí agbọ̀n rí roboto, á jókòó sínú òṣùká bí ẹyin sínú ìtẹ́. Ìdí kíréètì tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tún ní ìlà ike líle líle, òṣùká á máa yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó gùn síwájú àti sẹ́yìn, ẹ̀ka igi ń kọ́ ọ. Ihò tí wọ́n fi sí ìdí rẹ̀ kí omi lè jáde, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa: gbogbo omi tòmátò tí ó bẹ́ ni ó kán sí ọmọbìnrin náà lọ́rùn. Ó ní, "Dádì, agbọ̀n ni mo fẹ́ o jàre."

Ṣé ó ṣòro láti ṣe ojú kan tí ó rí roboto, tí ó wọnú díẹ̀, sí àárín ìdí kíréètì, kí òṣùká lè rí ibi mú, kí wọ́n má sì lu ihò sí ojú yẹn? Kò ní dí títò rẹ̀ léra lọ́wọ́, nítorí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń ru ẹrù, kì í ṣe àárín. Ohun tí agbẹ́gilére Òpin kan yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, "Ta ni yóò gbé e?" Kò jọ pé ẹnikẹ́ni bi ìbéèrè yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Agbọ̀n kì í ṣe ohun ìkẹ́rù nìkan, òṣùwọ̀n ni. Agbọ̀n tí ó bá kún dé ẹnu lásán, kò tíì kún lójú oníbàárà. Ó gbọ́dọ̀ ga bí òkè, kí a tún fi ẹ̀nì sí i, kí a wá ta okùn àti ewé lé e. Kíréètì kò ní àyè fún ẹ̀nì. Ohun tí ó bá yọ lókè etí rẹ̀, ìdí kíréètì kejì ni yóò tẹ̀ ẹ́ fọ́. Nítorí náà, oníbàárà á ní ọjà náà kò pé, ọlọ́jà á kó o ga kí ó lè tà, tòmátò á sì tún bẹ́. Aláta kan sọ fún mi pé, "Rọ́bà yìí ahun ni." N kò rí èsì fún un. Bóyá kí wọ́n máa ta á ní kìlò, ṣùgbọ́n ẹ tún wá ta ni yóò gbé òṣùwọ̀n onílọ́ọ̀rẹ́ẹ̀ dé ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí kíréètì òfìfo, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. A ti mọ bí a ṣe ń mú kíréètì padà wálé ní orílẹ̀-èdè yìí, ó ti pẹ́. Ṣé ẹ rántí kíréètì mínírà àti ti ọtí bíà? Ẹni tí kò bá ní kíréètì àti ìgò òfìfo kò lè ra ọtí, àfi kí ó fi owó ìgò sílẹ̀. Bí a bá ṣe ìyàwó tán, kí ọkọ ìyàwó tó sùn, wọ́n ti ń ka ìgò. Ọmọdé tí ó bá fọ́ ọ̀kan á jìyà rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ kíréètì wọ̀nyẹn, síbẹ̀ wọ́n padà sí ilé-iṣẹ́ láti Iloffa, láti Obbo, láti ibi tí ọkọ̀ kò tilẹ̀ dé dáadáa. Owó ni ó so mọ́ wọn lọ́rùn. Láti ìgbà tí ìgò oníke ti gbòde ni àṣà náà ti ń kú, ìgò oníke wọ̀nyẹn sì kún gọ́tà.

Kíréètì tòmátò tí wọ́n fún àwọn obìnrin ìhà wa, ọ̀fẹ́ ni. Ẹgbẹ́ kan kó wọn wá, wọ́n pín in, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò sí owó lórí rẹ̀, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbà á padà ní Ìpàta kí ó fún ọ ní òmíràn. Bí o bá fi tòmátò ránṣẹ́ nínú rẹ̀, o ti fi kíréètì ta ọrẹ. Obìnrin tí ó ní ọgbọ́n yóò da tòmátò rẹ̀ sínú agbọ̀n kí ó lè gbé kíréètì rẹ̀ pa mọ́. N kò lè bá a wí. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ, ìdí onílà líle ni, ògiri ṣánṣán ni, àìsí àyè ẹ̀nì ni, èyí tí ó burú jù ni pé àwọn tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ya ọ̀nà àlọ, wọn kò ya ọ̀nà àbọ̀.

Ní ọjà tí ó tẹ̀lé e, mo padà lọ bá ìyá alága. Mo ṣàlàyé fún un pé n kò wá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, mo fẹ́ mọ ẹni tí ó ni ẹyọ kan tí mo rí tòmátò nínú rẹ̀ ni. Ó nawọ́ sí obìnrin kan lábẹ́ igi. Mo kí i, mo bi í pé kí ló dé tí tirẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ti àwọn yòókù ti di àga.

Ó ní, "Ọmọ mi ni ó ń wa bọ́ọ̀sì Ìlọrin, sà. Ó ń gbé e bọ̀ fún mi lálẹ́."